Èdè Àwọn Ọmọ Tó Ń Gun Ìgbì ní Odò Ọya

Òórùn pákó tútù ni imú mi máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Onitsha, kí ti ògì tàbí ti kẹrosíìnì tó dé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Akin, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló ti ń wá. Pákó pẹlẹbẹ kan ló fi pamọ́ síbẹ̀, ó gùn tó mi, ó sì ti fi àfọ́kù ìgò há a títí ó fi ń dán. Ó máa ń fi àbẹ́là pa á lára kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ lórí rẹ̀. Òórùn àbẹ́là àti òórùn odò á wá dàpọ̀ nínú yàrá kékeré náà, Màámi á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fa imú sókè, wọ́n á ní, "Kí ló ń rùn bí ẹja tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí?" Akin á rẹ́rìn-ín sínú aṣọ ìbora. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀.

Àdúgbò Inland Town ni a ń gbé, nínú ilé ìyá arúgbó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mama Nnukwu. Báńkì ló gbé bàbá mi wá sí ìlú náà láti Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó bí mi. Màámi ń ránṣọ ní yàrá iwájú, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kọjú sí títì. Yorùbá ni a ń sọ nínú ilé. Bí a bá ti kọjá ìlóro báyìí, Ìgbò ni. Ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni, àbí kí a jẹ ẹgba. Lẹ́nu kan ṣoṣo ni èmi àti Akin ti ń pààrọ̀ gbogbo wọn bí ẹni pààrọ̀ bàtà. Ṣùgbọ́n Màámi, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò níbẹ̀, ìkíni nìkan ni wọ́n gbọ́ nínú Ìgbò, àti iye owó, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa aṣọ. Pijin díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Bí bàbá mi bá ní kí wọ́n kọ́ èdè ìlú, wọ́n á ní, "Èyí tí mo fi ń ránṣọ tó mi. A ó kúkú padà sílé."

Odò Ọya kò jìnnà sí wa. Ọ̀nà tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la ó sọ̀ kalẹ̀, a ó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, àwọn alágbàrù á máa ké pé kí a yà fún ẹrù, lẹ́yìn náà ni omi á yọ lójijì, ó fẹ̀, ó pupa bí omi tí a fi fọ ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń kó èrò àti ẹrù kọjá láti ọwọ́ kan sí òdìkejì. Bí èyí tó tóbi nínú wọn bá ti sáré kọjá, omi tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn á wú, á máa yí bọ̀ wá sí etí odò. Ibì kan wà tí yanrìn ti gbá jọ lábẹ́ omi. Bí omi tó wú náà bá ti kan yanrìn yìí, á dìde dúró, á di ìgbì gidi, á sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń dúró sí pẹ̀lú pákó wọn. Wọ́n á dùbúlẹ̀ lé pákó, wọ́n á fi ọwọ́ wa omi, ìgbì á gbé wọn, ẹni tó bá gbóyà á dìde dúró lórí pákó, á na ọwọ́ méjèèjì bí ẹyẹ. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ti rí òkun rí.

Èmi kò gun ìgbì rí. Èmi ni mo ń ṣọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn létí odò, nítorí náà ni mo ṣe gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Èdè tiwọn ni wọ́n dá sílẹ̀, Ìgbò díẹ̀, Pijin díẹ̀, àti èyí tí Akin fi Yorùbá kún. Ìgbì ńlá, Nne ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìyá. Àwọn kéékèèké tó ń tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí wọ́n bá rí èyí tó tóbi lókèèrè, gbogbo wọn á figbe ta, "Nne! Nne!" Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á rò pé àwọn ni wọ́n ń pè. Yanrìn abẹ́ omi ni Láńdíọ́ọ̀dù, nítorí pé òun ló ni ilé, òun ló sì ń lé èèyàn jáde. Bí kò bá sí ọkọ̀ tó ń kọjá, tí omi sì pa rọ́rọ́, wọ́n á ní wọ́n ti mú iná lọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, "Iná ti dé!" ni wọ́n á máa pariwo, bí ìgbà tí àdúgbò bá rí iná mànàmáná.

Akin ló fún wọn ní "gún níyán." Ọjọ́ tí ìgbì kan kọ́kọ́ gbá a mọ́lẹ̀, ó jáde, yanrìn kún ẹnu rẹ̀, ó ní, "Omi yìí gún mi níyán!" Àwọn ọmọ Ìgbò kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ó dùn létí wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ tí Obinna, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ń sọ pé, "E don gúnyán me!" Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, orúkọ tí wọ́n fi ń pe Akin ni Ofe Mmanụ, ọlọ́bẹ̀-epo, bí àwọn kan níbẹ̀ ṣe ń pe gbogbo Yorùbá. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè é. Mo rò pé òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni òun fi ra ìjókòó láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí ó ń lọ pọ̀. Bí ẹnìkan bá ṣubú, tí ìgbì sì bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á ní, "E don go chop." Ó ti lọ jẹun nìyẹn, nítorí omi tí yóò mu níbẹ̀. Bí ó bá yọ orí padà, tí ó ń wúkọ́, wọ́n á ní, "E don belleful." Ó ti yó. Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí.

Láìpẹ́ yìí, ní etíkun kan ní Èkó, mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun ìgbì òkun lórí pákó olówó iyebíye. Mo béèrè ọ̀rọ̀ wọn lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Inú rẹ̀ dùn láti sọ. Ó ní bí ìgbì bá ń yí èèyàn po lábẹ́ omi, wọ́n á ní ó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó ní bí èèyàn bá ṣubú, wọ́n á ní ó jẹ ẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri ayé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ jókòó sínú mọ́tò. Àṣé ibi gbogbo tí èèyàn bá ti ń fi ara rẹ̀ fún omi, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀.

Màámi kò fẹ́ràn odò. Wọ́n mọ̀ pé Akin ń lọ síbẹ̀, wọn kò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bí aṣọ rẹ̀ bá tutù, wọ́n á fà á létí, wọ́n á ní, "Àgbàrá kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Èmi ni onílé o, n kò gbà fún un." Akin á dọ̀bálẹ̀, á bẹ̀bẹ̀, ní ọjọ́ kejì á tún lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eyín rẹ̀ iwájú kan ti kán díẹ̀ níbi tí pákó ti gbá a. Irọ́ bọ́ọ̀lù ló pa fún Màámi nípa eyín náà.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ilé ìwé ti gba ìsinmi, odò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà lẹ́yìn ìkún omi. Ibà dá mi dùbúlẹ̀. Bí kì í bá ṣe ibà yẹn ni, etí odò ni ǹ bá wà. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì tó pín yàrá iwájú sí méjì, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi, òórùn ìrẹsì àti ata díndín sì kún ilé. Wọ́n ti bu oúnjẹ Akin sọ́tọ̀, wọ́n ti fi abọ́ bò ó.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé Obinna ni nígbà tó lanu.

"Mama Akin, good afternoon," ó ní. Ohùn rẹ̀ rọra ń jáde. "Akin don go chop."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Chop? For where?" Màámi bi í.

"E never belleful, Mama. E never belleful."

Màámi pòṣé. Wọ́n yí padà sí Yorùbá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí inú bá ń bí wọn. "Ilé ta ló ti lọ jẹun, tí kò tíì yó títí di ìsinsìnyí? Ìrẹsì tí mo sè sílẹ̀ yìí ńkọ́? Àwọn èèyàn á ní n kì í fún ọmọ mi lóúnjẹ!" Wọ́n tún padà sí Pijin, wọ́n ní kí Obinna lọ sọ fún un pé kó máa bọ̀ wálé kíákíá. Ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

Obinna kò lọ. Mo ti ronú lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí tí kò fi wí pé Akin rì sómi. Mo gbà pé kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu nígbà náà. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi yẹn, èdè yẹn ni wọ́n fi ń sọ ọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tó lọ jẹun tí kò yó.

Èmi gbọ́ ọ. Mo dìde, ilé ń yí mi lójú, mo gbá kọ́tìnnì sẹ́yìn. Obinna dúró lójú ìlóro, kò wọ bàtà, kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì, omi ń kán lára rẹ̀ sí ilẹ̀. Ó di pákó Akin mọ́ àyà.

"Màámi," mo ní, "kì í ṣe oúnjẹ. Omi ti gbé Akin lọ."

Wọ́n gbá mi létí kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn gbọ́wọ́ sókè. "Ẹyin lọ̀rọ̀!" wọ́n ké mọ́ mi. "O kò mọ̀ pé ẹyin lọ̀rọ̀?"

Etí mi ń hó. Mo tún un sọ. "Omi ti gbé e lọ, Màámi. Ohun tí Obinna ń sọ nìyẹn."

Wọ́n wo Obinna. Wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àti omi tó ti di adágún kékeré lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sáré.

A sáré gba ẹ̀yìn ọjà náà kọjá. Tépù tí wọ́n fi ń wọn oníbàárà wà lọ́rùn Màámi, ó ń fò lẹ́yìn wọn. Ìró ìdí wọn tú, wọ́n fi ọwọ́ kan gbá a mú, wọn kò dúró. Nígbà tí a dé etí odò, èrò ti pé. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti bẹ́ sínú omi, wọ́n ń wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀. Obinna sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ìkún omi ti ṣí Láńdíọ́ọ̀dù nípò, kò sí ẹni tó mọ̀. Ibi tí wọ́n ti máa ń fẹsẹ̀ kan yanrìn ti di ọ̀gbun. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá, Nne dìde, Akin gùn ún, ó ṣubú. Wọ́n ké pé ó ti lọ jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúró kó yó. Pákó nìkan ló jáde. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Bàbá mi dé láti báńkì pẹ̀lú táì lọ́rùn. Wọ́n wọ inú omi lọ tòun ti bàtà, wọ́n ń pe orúkọ Akin lápètán, Akínwándé, títí àwọn ọlọ́kọ̀ fi fà wọ́n jáde. Mama Nnukwu, onílé wa, tọ̀ wá wá pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n jókòó sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, wọ́n ń sọ pé, "Ndo, nwa m, ndo," pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, títí oòrùn fi wọ̀.

Tẹ́lẹ̀, bí Màámi bá fẹ́ dẹ́rù bà wá kí a má baà rìn gbéregbère, wọ́n á ní, "Ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni létí wa. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, a mọ̀ pé òtítọ́ ni. Nígbà tí apẹja kan rí i lórí yanrìn ní ìsàlẹ̀ odò, Màámi wólẹ̀ lórí eékún wọn, wọ́n dúpẹ́. N kò tíì rí ohun tó bà mí nínú jẹ́ tó ìdúpẹ́ yẹn.

Wọn kò jẹ́ kí àwọn òbí mi rí sàréè náà. Òkú ọ̀fọ̀ ni, òbí kì í rí ibojì ọmọ. Àwọn àgbà Yorùbá tó wà ní Onitsha àti àwọn ará ilé Mama Nnukwu fẹnu kò pé etí omi ni kí wọ́n sin ín sí. Inú yàrá ni Màámi wà, wọ́n kọjú sí ògiri.

Fún ìgbà pípẹ́, ilé wa dákẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò ró. Bàbá mi ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń jẹun láì mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ti ilé ìwé dé, Màámi pè mí, wọ́n ní kí n jókòó sórí àpótí.

"Kọ́ mi," wọ́n ní.

"Kí ni kí n kọ́ yín, Màámi?"

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú omi. Gbogbo rẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe di olùkọ́ ìyá mi. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Ahọ́n wọn kò yí dáadáa sí Ìgbò, ohùn wọn ń gòkè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, wọ́n á ní kí n tún un sọ, wọ́n á sì máa pè é lábẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbá ilẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí mo sọ ìtàn "gún níyán" fún wọn, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu wọn. Wọ́n bi mí nípa eyín tó kán. Mo sọ fún wọn. Nígbà tí a dé orí "Nne," tí mo ní ìyá ni ó túmọ̀ sí, wọ́n ní kí n tún un sọ.

"Kí ló sọ gbẹ̀yìn?" wọ́n bi mí.

Mo ní n kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí a lọ bi Obinna.

A bá a ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn, ó ń pọn omi. Ó fẹ́ sá nígbà tó rí Màámi. Wọ́n fi Pijin bi í ní ohun tí Akin pariwo kẹ́yìn. Obinna wo ilẹ̀, ó ní, "Nne."

Màámi gbá mi lọ́wọ́ mú. Wọ́n fi Yorùbá sọ ìyókù, wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un dáadáa, kí n má fi ohunkóhun sílẹ̀. "Bi í pé, ṣé omi ló ń pè, àbí èmi?"

Mo bi í. Omijé ń yí lójú rẹ̀, kò nù ún. "Mama," ó ní, "I no know."

Màámi kò sọkún. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní, "O ṣeun. O ò purọ́ fún mi." A padà sílé. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

Àwọn ọmọ náà kò gun ìgbì mọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ fọ́ pákó wọn, ẹni tí kò gbọ́, wọ́n na án. Kò pẹ́ púpọ̀ tí báńkì gbé bàbá mi kúrò níbẹ̀, a sì kó ẹrù wa láti ibùdókọ̀ Upper Iweka padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí mo ti di àgbà, iṣẹ́ gbé mi kọjá Onitsha, mo wá Obinna kàn. Ó ti di oníṣòwò ọ̀pá omi, ó sanra, ó gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Láńdíọ́ọ̀dù dẹ́rìn-ín pa á. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Mo sọ méjì, mẹ́ta mìíràn. Ó mi orí, ó ní òun kò rántí ìkankan. Bóyá kò rántí lóòótọ́, n kò fẹ́ fi ipá mú un. Ó ku èmi àti Màámi nìkan láyé tó gbọ́ èdè náà, èmi tí n kò gun pákó rí, àti Màámi tí wọ́n kórìíra odò.

Ní ọdún tó kọjá, ara Màámi kò yá, mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan láàárọ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní kí n máa gbé wọn lọ sílé, kí wọ́n wà láàárín àwọn tó fẹ́ràn wọn. Mo gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́. Síbẹ̀ mo ní kó tún un sọ, mo tún ní kó tún un sọ, bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Màámi ní, "Kí ló wí?"

"Ó ní kí ẹ máa sinmi dáadáa, Màámi."

Wọ́n wò mí. Mo bó ọsàn fún wọn. Mo lọ ra omi, mo bọ̀. Mo tẹ ẹsẹ̀ wọn. Mo pe àwọn ọmọ mi lórí fóònù, mo ní kí wọ́n kí màmá àgbà. Mo ti kàwé, mo ti ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́, mo ti dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójúkojú láìfi ojú pamọ́, ṣùgbọ́n mo ń yí bẹ́ẹ̀dì náà ká bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ lójú fèrèsé kí n tó fa àga mọ́ wọn, kí n tó di ọwọ́ wọn mú, kí n tó sọ ọ́.

Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe.

"Mo ti mọ̀ láti àárọ̀, Bísí," wọ́n ní. "Mo kàn ń wò ọ́ ni. O ti dàgbà lóòótọ́. Nígbà tí o wà ní kékeré, o kì í pẹ́ tó báyìí kí o tó sọ fún mi."